Bí Kílọ́ọ̀ṣì Ọ̀kadà Yín Bá Ń Dún: Ẹ Fi Etí Yẹ̀ ẹ́ Wò Kí Wọ́n Tó Tú Ẹ́ńjìnnì

A máa ń sọ̀rọ̀ ajílẹ̀ níbí, a máa ń sọ̀rọ̀ kòkòrò tó ń jẹ àgbàdo, a máa ń sọ̀rọ̀ iye tí wọ́n ń ta ọjà. Lónìí, ọ̀rọ̀ ọ̀kadà ni mo gbé wá, nítorí irinṣẹ́ oko ni ọ̀kadà náà, bí àdá àti ọkọ́. Lọ́dọ̀ wa ní Òkè-Ògùn níbí, ọ̀nà oko tí mọ́tò ò lè wọ̀ pọ̀ jọjọ. Ọ̀kadà ló ń gbé pákí, òun ló ń gbé tòmátì, òun ló ń gbé àgbàdo, òun náà ló ń gbé aláboyún tó ń rọbí lọ sí ọsibítù lóru. Tí ọ̀kadà bá dákẹ́, oko dákẹ́ nìyẹn.

Kí n tó padà sí oko bàbá mi, mo kọ́ṣẹ́ mẹkáníìkì ọ̀kadà fún ọdún mẹ́rin, mo sì gba fíríìdọ̀mù. Oko ni mo wà báyìí, ṣùgbọ́n àwọn ará àdúgbò ṣì máa ń ti máṣíìnì wọn wá sílé mi nírọ̀lẹ́. Nínú gbogbo ohun tí wọ́n ń gbé wá, ariwo kílọ́ọ̀ṣì ló máa ń kó ènìyàn sí wàhálà jù, torí ó máa ń jọ ariwo ẹ́ńjìnnì. Tí ẹ bá gbé e dé ọ̀dọ̀ ẹni tí kò fara balẹ̀, ó gbọ́ "gba-gba-gba" báyìí, kíá ló máa ní, "Ẹ́ńjìnnì ti lọ, ẹ lọ wá owó wá." Owó ajílẹ̀ wọ ibẹ̀, ó tán. Bẹ́ẹ̀, nígbà mìíràn, nǹkan kékeré tí kò kún àtẹ́lẹwọ́ ló bàjẹ́.

Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ mọ̀ lónìí ni bí ẹ ṣe lè fi etí àti ọwọ́ mọ ibi tí ariwo ti ń wá, láìtú nǹkan kan. Kò dìgbà tí ẹ bá di mẹkáníìkì. Ẹni tó bá lè gbọ́ ohùn ewúrẹ́ rẹ̀ láàárín ewúrẹ́ ogún, ó lè ṣe èyí.

Iṣẹ́ tí kílọ́ọ̀ṣì ń ṣe

Ẹ wo ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń rin pákí. Ẹ́ńjìnnì ń yí ní tirẹ̀, bẹ́líìtì ló ń gbé yíyí náà lọ bá irin tó ń rin pákí. Tí bẹ́líìtì bá le dáadáa, pákí ń lọ. Tí bẹ́líìtì bá dẹ̀, ẹ́ńjìnnì á kàn máa pariwo lásán, pákí ò níí lọ. Iṣẹ́ tí bẹ́líìtì yẹn ń ṣe ni kílọ́ọ̀ṣì ń ṣe nínú ọ̀kadà: òun ló wà láàárín ẹ́ńjìnnì àti gíà. Ẹ̀yin lẹ sì ń fi ọwọ́ òsì yín pàṣẹ fún un pé kó dì mú tàbí kó tú sílẹ̀.

Nínú ọ̀pọ̀ ọ̀kadà tí a ń gùn, bíi Bajaj Boxer àti TVS, inú ọ́ìlì ni kílọ́ọ̀ṣì ń gbé. Ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì kan náà lòun àti gíà ń mu. Ẹ jẹ́ kí n dárúkọ àwọn ohun tó wà nínú rẹ̀, ká lè jọ máa yé ara wa.

Àkọ́kọ́ ni ilé kílọ́ọ̀ṣì, èyí tí àwọn mẹkáníìkì ń pè ní háúsìn. Ó dà bí abọ́ irin tó ní ìka yí ká. Ìgbà gbogbo tí ẹ́ńjìnnì bá ń ṣiṣẹ́ lòun ń yí, ì báà jẹ́ pé ẹ fa kílọ́ọ̀ṣì tàbí ẹ ò fà á. Rọ́bà tàbí sípíríǹgì kéékèèké wà lẹ́yìn rẹ̀ tó ń gba gbígbọ̀n ẹ́ńjìnnì mọ́ra, rífẹ́ẹ̀tì ló sì dè wọ́n pọ̀. Ìkejì ni pelétì, oríṣi méjì ni: ọ̀kan jẹ́ irin lásán, èkejì ní ohun kan lára tó dà bíi kọ́ọ̀kì tó ń di irin mú. Wọ́n tò wọ́n ní ọ̀kan-bọ́-ọ̀kan, sípíríǹgì tó sábà máa ń jẹ́ mẹ́rin ló sì fún wọn pọ̀. Ìkẹta ni háàbù, tó wà láàárín, tó so mọ́ ọ̀pá gíà. Ìkẹrin ni bíárìn kékeré kan ní àárín gbùngbùn. Ìgbà tí ẹ bá fa ọwọ́ kílọ́ọ̀ṣì ni bíárìn yìí máa ń ṣiṣẹ́, òun ló ń gba agbára ọwọ́ yín tí pelétì fi ń tú ara wọn sílẹ̀.

Ibi tí ọ̀rọ̀ wà nìyí, ẹ dì í mú dáadáa. Tí ọ̀kadà bá wà ní fíríì, tí ẹ ò fa kílọ́ọ̀ṣì, ilé kílọ́ọ̀ṣì àti ọ̀pá gíà jọ ń yí pọ̀ ni. Tí ẹ bá fa kílọ́ọ̀ṣì, ọ̀pá gíà bọ́ lọ́wọ́ ẹ́ńjìnnì, bíárìn kékeré yẹn wá bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Nítorí náà, tí ariwo bá yí padà bí ẹ ṣe fa ọwọ́ kílọ́ọ̀ṣì, ariwo náà ti fi ilé ara rẹ̀ hàn yín.

Àyẹ̀wò kìíní: ẹ gbé e dúró, ẹ fi sí fíríì

Ìta gbangba ni kí ẹ ti ṣe é o, ẹ má ṣe é nínú yàrá, èéfín ẹ́ńjìnnì ń pa ènìyàn. Ẹ gbé ọ̀kadà sórí ìdúró ńlá rẹ̀, ẹ wo ọ́ìlì bóyá ó dé ojú àmì, ẹ ta á, ẹ jẹ́ kó gbóná díẹ̀. Ẹ pa rédíò, ẹ ní kí àwọn ọmọ dákẹ́. Ẹ gbọ́ ọ fún ìṣẹ́jú kan. Lẹ́yìn náà ẹ fa ọwọ́ kílọ́ọ̀ṣì pátápátá, ẹ dì í mú, ẹ gbọ́ ọ. Ẹ tú u sílẹ̀, ẹ tún gbọ́ ọ. Ẹ ṣe é tó ìgbà márùn-ún. Ọ̀kan nínú ohun mẹ́ta ló máa ṣẹlẹ̀.

Ohun kìíní: ariwo wà nígbà tí ẹ ò fà á, ó lọ tàbí ó dínkù nígbà tí ẹ fà á. Ohun méjì ni ẹ máa fura sí. Tí ó bá jẹ́ "kàrà-kàrà-kàrà" bí ìgbà tí òkúta wà nínú agolo, tó pọ̀ nígbà tí ẹ́ńjìnnì rọra ń ṣiṣẹ́, tó sì parẹ́ bí ẹ bá ti yí tírótù díẹ̀, ilé kílọ́ọ̀ṣì ló ti mì: rọ́bà tàbí sípíríǹgì ẹ̀yìn rẹ̀ ti jẹ, tàbí rífẹ́ẹ̀tì ti dẹ̀. Tí ó bá jẹ́ "hùùùn" tó ń ga sí i bí ẹ ṣe ń yí tírótù, bíárìn tó gbé ọ̀pá gíà ni kí ẹ wò. Ẹ má gbàgbé ohun kan: tí ẹ́ńjìnnì bá ń ṣiṣẹ́ jẹ́jẹ́ jù, tó fẹ́ kú, ilé kílọ́ọ̀ṣì tó dára gan-an lè dún díẹ̀. Torí náà, kí ẹ tó dá a lẹ́bi, ẹ kọ́kọ́ tún sílò rẹ̀ ṣe níbi kábúrétọ̀, ẹ gbé e sókè díẹ̀, kí ẹ wá tún un gbọ́.

Ohun kejì: kò sí ariwo nígbà tí ẹ ò fà á, bí ẹ ṣe fà á ló bẹ̀rẹ̀ sí í ké "ṣìì" tàbí "kẹ̀rẹ̀-kẹ̀rẹ̀". Bíárìn kékeré àárín yẹn ni, tàbí ọ̀pá tó ń tì í.

Ohun kẹta: ẹ fà á, ẹ ò fà á, ọ̀kan náà ni ariwo. A jẹ́ pé ó ṣeé ṣe kí kílọ́ọ̀ṣì má mọwọ́mẹsẹ̀. Ẹ lọ wo ṣéènì táímìn, ẹ wo tápẹ́ẹ̀tì, ẹ wo bóòtì tó di ẹ́ńjìnnì mọ́ férémù, ẹ wo sàláńsà bóyá ó ti dẹ̀. Mo ti rí ọ̀kadà tí wọ́n ti ra ohun èèlò kílọ́ọ̀ṣì sílẹ̀ fún, bóòtì sàláńsà kan ṣoṣo ló dẹ̀.

Bí àyẹ̀wò yìí ṣe gba owó ajílẹ̀ là

Ní àsìkò òjò tó kọjá, máṣíìnì tèmi gan-an bẹ̀rẹ̀ sí í dún. Tòmátì ti pọ́n lóko, ọjà ọlọ́jọ́ márùn-ún wa ku ọ̀tunla, àgbàdo mi sì ti dé orúnkún, ó ń dúró de ajílẹ̀ ẹlẹ́ẹ̀kejì. Mo wà nílùú lọ́jọ́ náà, mo yà sọ́dọ̀ mẹkáníìkì kan lẹ́bàá ọ̀nà láti ra wáyà kílọ́ọ̀ṣì pamọ́. Bó ṣe gbọ́ ariwo máṣíìnì mi, ó ní kíráǹkì ni, kí n gbé e sílẹ̀, pé wọ́n máa tú gbogbo ẹ́ńjìnnì. Iye tó pè, owó ajílẹ̀ mi gẹ́lẹ́ ni, bí ẹni pé ó ti ka àpò mi.

Mo ní, "Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi tẹ́tí sí i." Mo fa kílọ́ọ̀ṣì, ariwo lọ. Mo tú u sílẹ̀, ariwo dé. Mo yí tírótù díẹ̀, ariwo tún lọ. Kíráǹkì tó ti jẹ kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Kíráǹkì kò mọ̀ bóyá ẹ fa kílọ́ọ̀ṣì. Bí ẹ ṣe ń yí tírótù, tí ẹ́ńjìnnì ń ru ẹrù, bẹ́ẹ̀ lariwo tirẹ̀ á máa wúwo sí i, "gbò, gbò, gbò" láti ìsàlẹ̀. Ọkùnrin náà tẹ́tí, ó rẹ́rìn-ín, ó ní, "Bọ̀dá, òótọ́ ni, ilé kílọ́ọ̀ṣì ni." Èèyàn rere ni, kò bá mi jà. Ọ̀pọ̀ iṣẹ́ tó wà níwájú rẹ̀ ni kò jẹ́ kó fara balẹ̀.

Ó wá ku ìpinnu kan. Apẹ̀rẹ̀ tòmátì mẹ́jọ ń dúró dè mí, ọjà ku ọ̀tunla, máṣíìnì ṣì ń rìn. Ṣé kí n fi kó ọjà yìí ná, kí n wá tún un ṣe lẹ́yìn ọjà? Èmi mọ̀ pé rífẹ́ẹ̀tì tó ti dẹ̀ lè já nígbàkígbà. Tó bá já, irin á wọ inú ọ́ìlì, á kó sáàárín gíà, ìgbà yẹn lẹ́ńjìnnì á wá lọ lóòótọ́. Mo háyà ọ̀kadà aládùúgbò mi kan láti kó tòmátì, mo sanwó fún un. Ó dùn mí, ṣùgbọ́n mo san án. Mo tú ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún máṣíìnì mi nílé. Ideri ẹ̀gbẹ́ kan ṣoṣo ni, kò kan orí ẹ́ńjìnnì, kò kan kíráǹkì. Mo fi ọwọ́ mú ilé kílọ́ọ̀ṣì, ó ń mì lọ mì bọ̀ bí eyín ọmọ ọdún méje. Rífẹ́ẹ̀tì méjì ti dẹ̀. Mo ra ilé kílọ́ọ̀ṣì tuntun, mo ra gásíkẹ́ẹ̀tì àti ọ́ìlì, mo tò ó padà. Àgbàdo mi rí ajílẹ̀ jẹ lásìkò.

Láàárín oṣù kan náà, ẹnìkan ní abúlé kejì ní irú ariwo yìí gẹ́lẹ́. Ọjà ń lé e, ó ń gùn ún lọ. Ìdajì ọ̀nà ni rífẹ́ẹ̀tì já, ẹ́ńjìnnì há gbagidi, táyà ẹ̀yìn dúró lójijì. Ọlọ́run yọ ọ́, kò fi ara pa púpọ̀. Ṣùgbọ́n tòmátì rẹ̀ sun ojú ọ̀nà mọ́jú, oòrùn ọjọ́ kejì parí iṣẹ́. Èyí tí wọ́n kò bá fi owó díẹ̀ tún ṣe, odindi ẹ́ńjìnnì ni wọ́n tú. Àwọn àgbà ní àìtètè mólè, olè ń mólóko.

Àyẹ̀wò kejì: ẹ fi sí gíà kìíní

Ẹ gbé e kúrò lórí ìdúró, ẹ jókòó lé e, ẹ fa kílọ́ọ̀ṣì, ẹ tẹ gíà kìíní. "Kọ́!" kan péré, pàápàá láàárọ̀ tí ọ́ìlì ṣì tutù, kì í ṣe àìsàn. Ṣùgbọ́n tí ó bá fò síwájú pẹ̀lú "gbà!" ńlá, tàbí tí ẹ fa kílọ́ọ̀ṣì pátápátá síbẹ̀ tó ṣì ń fẹ́ lọ, pelétì ò tú ara wọn sílẹ̀ tán nìyẹn. Wáyà ni kí ẹ kọ́kọ́ wò. Ẹ fi ọwọ́ fà á díẹ̀: kí ó tó bẹ̀rẹ̀ sí í le, ó yẹ kí àyè díẹ̀ wà, bíi mílímítà 2 sí 3 ní ìdí ọwọ́ kílọ́ọ̀ṣì. Lórí ọ̀pọ̀ ọ̀kadà, ìyẹn máa ń jẹ́ bíi mílímítà 10 sí 20 tí ẹ bá wọ̀n ọ́n ní orí ọwọ́ náà. Àyè tó pọ̀ jù, kílọ́ọ̀ṣì ò níí tú tán, gíà á máa ké. Tí kò bá sí àyè rárá, pelétì ò níí dì mú tán, á máa yọ̀, á máa jó. Sípánà méjì péré lẹ fi máa tún èyí ṣe, owó ò jáde.

Lẹ́yìn náà ẹ rọra tú kílọ́ọ̀ṣì sílẹ̀ kó máa lọ. Tí ó bá ń gbọ̀n "jìgì-jìgì" bí ó ṣe ń gbéra, tàbí tó ń kérora, ìka ilé kílọ́ọ̀ṣì lè ti ní kòtò níbi tí pelétì ti ń gbá a, tàbí kí pelétì ti jó. Tí wọ́n bá tú u, kí ẹ wò ó fúnra yín: ìka náà yẹ kó tẹ́jú. Tí kòtò ibẹ̀ bá ti lè há èékánná yín, kì í ṣe pelétì nìkan lẹ máa pààrọ̀, torí kòtò yẹn ò níí jẹ́ kí pelétì tuntun máa yọ̀ lọ yọ̀ bọ̀ dáadáa. Pelétì irin tó ti di àwọ̀ búlúù, iná ti jẹ ẹ́.

Àyẹ̀wò kẹta: lójú ọ̀nà tó tẹ́jú

Ẹ wà á dé gíà kẹta, kí ẹ yí tírótù lẹ́ẹ̀kan náà. Tí ariwo ẹ́ńjìnnì bá ga, tí ọ̀kadà ò sáré sí i, kílọ́ọ̀ṣì ń yọ̀. Bẹ́líìtì tó dẹ̀ tí mo fi ṣàpèjúwe lẹ́ẹ̀kan, òun gan-an nìyẹn. Ẹ máa gbọ́ òórùn jíjó, pàápàá tí ẹ bá gbé àpò pákí méjì gun òkè. Tí àyè bá wà lára wáyà síbẹ̀ tó ń yọ̀, a jẹ́ pé pelétì ti tán, tàbí sípíríǹgì ti rọ̀, tàbí ọ́ìlì tí ẹ dà sí i kò bá a mu.

Àyẹ̀wò kẹrin: ẹ pa ẹ́ńjìnnì

Èyí rọrùn jù, síbẹ̀ ọ̀pọ̀ ènìyàn kì í ṣe é. Ẹ pa ẹ́ńjìnnì, ẹ fi sí fíríì, ẹ ti ọ̀kadà lọ síwájú, ẹ tì í padà sẹ́yìn. Tí ẹ bá ṣì gbọ́ ariwo yẹn, kílọ́ọ̀ṣì ò mọ nǹkan kan nípa rẹ̀. Ṣéènì tó gbẹ, sípírọ́kẹ́ẹ̀tì tó ti jẹ, bíárìn táyà tàbí búréèkì ni kí ẹ lọ bá.

Tí ariwo bá ṣì ń rú yín lójú, ẹ mú síkúrúdíráfà gígùn kan. Ẹ́ńjìnnì á máa ṣiṣẹ́ jẹ́jẹ́, ẹ fi ẹnu rẹ̀ kan ara irin ẹ́ńjìnnì, ẹ fi etí ti ìdí rẹ̀. Ẹ fi kan ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún níbi ideri kílọ́ọ̀ṣì, ẹ fi kan ẹ̀gbẹ́ òsì, ẹ fi kan orí. Ibi tí ariwo bá ti le jù ni ilé rẹ̀. Ẹ ṣọ́ra fún sàláńsà, iná ni.

Ìyá elélùbọ́ àti bíárìn kékeré

Ìyá kan máa ń wá ra èlùbọ́ lọ́dọ̀ wa, ọmọkùnrin kan ló máa ń gbé e. Lọ́jọ́ kan, wọ́n dé, ojú ìyá le. Ó ní, "Ọmọ mi, wọ́n ní kí n wá owó gbogbo kílọ́ọ̀ṣì. Owó ọjà ló wà lọ́wọ́ mi yìí, tí mo bá fi tún máṣíìnì ṣe, kí ni mo fẹ́ fi ra èlùbọ́?"

Mo ní, "Ìyá, ẹ jókòó ná, ẹ mu omi." Mo bi ọmọkùnrin náà pé, "Ìgbà wo ló ń dún?" Ó ní, "Bọ̀dá, ìgbà tí mo bá di kílọ́ọ̀ṣì mú nìkan ni. Bí mo bá dúró níbi tí àwọn ọlọ́pàá wà, á máa ké ṣìì." Mo ní, "Ṣé ó ń yọ̀?" Ó ní rárá. "Ṣé ó ń gbọ̀n tó bá fẹ́ gbéra?" Ó ní kò gbọ̀n.

Ẹ̀yin náà ti mọ ìdáhùn, àbí? A tú ideri, a yọ bíárìn kékeré yẹn, mo fi ìka yí i, ó ń ta gìrì-gìrì bí ẹni pé iyanrìn wà nínú rẹ̀. A wo pelétì, wọ́n dára. A wọn sípíríǹgì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, wọ́n dọ́gba. Bíárìn àti gásíkẹ́ẹ̀tì la rà. Ìyá fi owó ọjà rẹ̀ ra èlùbọ́, ó lọ. Mo ní kí ọmọkùnrin náà máa fi ọ̀kadà sí fíríì tó bá dúró, kó má máa di kílọ́ọ̀ṣì mú fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá, torí ohun tó ń pa bíárìn yẹn gan-an nìyẹn.

Ọ̀rọ̀ ọ́ìlì

Torí pé inú ọ́ìlì ni kílọ́ọ̀ṣì ń gbé, ọ́ìlì tó bá ti bàjẹ́ ń ba kílọ́ọ̀ṣì jẹ́. Ẹ wo ara ike ọ́ìlì kí ẹ tó rà á: ẹ wá JASO MA tàbí JASO MA2. Àmì tí àwọn ará Japan ṣe fún ọ́ìlì ọ̀kadà tí kílọ́ọ̀ṣì rẹ̀ wà nínú ọ́ìlì ni. Ọ́ìlì mọ́tò kan wà tí wọ́n kọ "Energy Conserving" tàbí "Resource Conserving" sí lára. Ó lè dára fún mọ́tò, ṣùgbọ́n ó lè jẹ́ kí pelétì ọ̀kadà máa yọ̀. Ní ti nípọn ọ́ìlì, ẹ tẹ̀ lé ohun tí ìwé ọ̀kadà yín bá sọ. 20W-50 wọ́pọ̀ lára ọ̀kadà wa. Èmi kì í jẹ́ kí tèmi kọjá kílómítà 2,000 kí n tó pààrọ̀ ọ́ìlì, torí eruku àti ẹrù ọ̀nà oko.

Tí ẹ bá dà ọ́ìlì àtijọ́ jáde, ẹ má yára dà á nù. Ẹ dà á sínú abọ́ funfun, ẹ gbé e sínú oòrùn. Tí ẹ bá rí ohun tó ń dán wínníwínní bí irẹ́ ẹja kéékèèké, irin ń jẹ irin nínú ibẹ̀. Tí ó bá dúdú, tó ń rùn bí ohun tó jó, pelétì ń jó. Tí ẹ bá wò ó tán, ẹ má dà á sí oko tàbí ẹ̀bá odò o. Ẹ dà á sínú kẹ́ẹ̀gì, ẹ gbé e fún mẹkáníìkì.

Tí wọ́n bá fẹ́ fi pelétì tuntun sí i, kí wọ́n kọ́kọ́ rẹ èyí tó ní kọ́ọ̀kì sínú ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì, kó sun ibẹ̀ mọ́jú tí àyè bá wà. Tí wọ́n bá fi í sí i ní gbígbẹ, á máa ké bí ó bá ti fẹ́ gbéra, á sì tètè jó.

Ohun tó ń jẹ́ kó tètè bàjẹ́ lọ́wọ́ àwa àgbẹ̀

Ẹrù àpọ̀jù ni àkọ́kọ́. Mo mọ̀ pé ẹ máa ní kí ni ká ṣe. Pákí tí a bá ti hú, láàárín ọjọ́ kan sí mẹ́ta ló ti ń bẹ̀rẹ̀ sí í bàjẹ́ nínú, ìdí nìyẹn tí a fi ń sáré. Ṣùgbọ́n ẹ̀ẹ̀mejì lọ mejì bọ̀ pẹ̀lú ẹrù tó mọ níwọ̀n sàn ju ẹ̀ẹ̀kan tó jó kílọ́ọ̀ṣì lọ. Èkejì ni fífa kílọ́ọ̀ṣì láàbọ̀ lórí òkè. Tí ẹ bá fẹ́ gun òkè, ẹ wọ gíà kìíní láti ìsàlẹ̀, ẹ tú kílọ́ọ̀ṣì sílẹ̀ pátápátá, ẹ jẹ́ kí gíà ṣe iṣẹ́ rẹ̀. Ẹ má fi kílọ́ọ̀ṣì dá ọ̀kadà dúró lórí òkè, búréèkì ló ni iṣẹ́ yẹn. Ẹ̀kẹta ni ẹrẹ̀: tí táyà bá rì, ẹ sọ̀kalẹ̀, ẹ sọ ẹrù, ẹ tì í. Tí ẹ bá jókòó lé e tí ẹ ń yí tírótù, tí ẹ ń fa kílọ́ọ̀ṣì láàbọ̀, pelétì ni ẹ ń sun.

Bí ẹ bá dé ọ̀dọ̀ mẹkáníìkì

Ẹ má lọ sọ pé, "Ó ń pariwo." Ẹ sọ fún un pé, "Ọ̀gá, ó ń dún ní fíríì, tí mo bá fa kílọ́ọ̀ṣì ó ń lọ, tí mo bá yí tírótù ó ń lọ, kò yọ̀." Mẹkáníìkì tó mọṣẹ́ á bọ̀wọ̀ fún yín, iṣẹ́ rẹ̀ á yá. Ẹ ní kó tú ideri ẹ̀gbẹ́ nìkan ná, kí ẹ jọ wo ohun tó wà níbẹ̀ kí ẹ tó ra ohunkóhun. Ẹ gba ohun èèlò àtijọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ẹ fi wé tuntun lójú ibẹ̀. Kí ó yọ gbogbo gásíkẹ́ẹ̀tì àtijọ́ mọ́, kí ó sì pààrọ̀ sípíríǹgì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin pọ̀ tí ọ̀kan bá ti kúrú. Ẹ má yàn án lódì o. Iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ ló ń jẹ, bí àwa náà ṣe ń jẹ iṣẹ́ oko. Ohun tí a ń fẹ́ ni pé kí owó lọ sí ibi tó yẹ.

Kékeré la ti ń pẹ̀ka ìrókò. Ní ọ̀la, kí ẹ tó lọ sóko, ẹ fún máṣíìnì yín ní ìṣẹ́jú márùn-ún: ẹ ta á, ẹ fa kílọ́ọ̀ṣì, ẹ tú u sílẹ̀, ẹ gbọ́ ọ. Ẹni tó bá mọ bí tirẹ̀ ṣe ń dún nígbà tí ara rẹ̀ yá, òun ló máa tètè mọ̀ tí kò bá yá.

Bí tiyín bá ń dún lọ́wọ́lọ́wọ́, ẹ kọ ọ́ sísàlẹ̀ níbí: ìgbà wo ló ń dún, ṣé ó ń lọ tí ẹ bá fa kílọ́ọ̀ṣì, ṣé ó ń yọ̀? Mo máa dá yín lóhùn tí mo bá ti ti oko dé. Ẹ bá mi fi ránṣẹ́ sí ọmọ tó ń gbé ọjà yín, torí òun lọ̀rọ̀ yìí kàn jù. Iṣẹ́ oko wa á so èso o.